Ọmú Alágbàtọ́

Ní ẹ̀yìn ilé kan ní Ìjọ̀kà, ní Àkúrẹ́, okùn kan wà tí wọ́n fi kọ́ ara òpó. Ó ti gbó, ó ti dúdú, kò sí ẹran tí ó tún lè so. Ìyá Ayọ̀kúnlé kò gbà kí ẹnikẹ́ni jù ú nù. Okùn yìí ni ìyá rẹ̀ fi so abo àgùntàn kan fún un ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, ní ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tí ó ń ti Oǹdó bọ̀ nílé ọkọ.

Yétúndé ni orúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Ayọ̀kúnlé fúnra rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń ṣe oko kòkó, ìyá rẹ̀ sì ń sin àgùntàn ní agboolé wọn ní Òdòjọ̀mù. Àṣà kan wà nínú ìdílé ìyá náà tí àwọn ará ilé kejì kì í dá. Bí ọmọbìnrin wọn bá ń lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ á fi abo àgùntàn kan lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fẹ́. Àgbàsìn ni. Ọmọ abo tí ẹran náà bá kọ́kọ́ bí gbọ́dọ̀ padà sí agbo ìyá ní Oǹdó. Àwọn tó bá tẹ̀lé e ni ti ọmọ. Bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, ọmọ á tún máa mú abo kan wá sílé láti inú ìran náà, nígbàkígbà tí agbo bá pọ̀ tó.

Ìyá rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un ní àárọ̀ ọjọ́ tí ó ń lọ. Ó ní, “Yétúndé, ọmọ tí kò ní ohun tó ń dá a padà sílé, àlejò ló máa dà. Ẹran yìí ni yóò máa fà ọ́ wá.”

Lọ́rì ni wọ́n wọ̀. Àgùntàn náà wà láàárín àpótí aṣọ ìyàwó àti àpò gaàrí, ó ń ké láti Bólórúndúró títí dé Ọ̀wẹnà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní Ọ̀wẹnà kí àwọn èrò lè ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ẹran náà tọ̀ sórí bàtà ọkọ ìyàwó. Adélaní ni ọkọ náà ń jẹ́, ọmọ Àkúrẹ́ ni, akọ̀wé ìjọba tí kì í wọ bàtà tí kò dán.

Ó wo bàtà, ó wo ìyàwó. “Yétúndé, èmi ni wọ́n fún ọ ni, tàbí ẹran yìí?”

“Ẹ̀yin méjèèjì ni. Òun kàn sàn díẹ̀, kì í béèrè oúnjẹ gbígbóná.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni Adélaní fi ń pa àlejò lẹ́rìn-ín fún ogójì ọdún dín díẹ̀. Bí oúnjẹ bá pẹ́ lórí iná, á ké sí ẹ̀yìnkùlé pé, “Ẹ bá mi bi àgùntàn bóyá ó lè fún mi ní tútù!” Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí ó ti kú.

Láti ọdún 1977 títí di 2019, ìgbà méje ni Ìyá Ayọ̀kúnlé mú abo padà sí Oǹdó. Òun fúnra rẹ̀ kì í gbàgbé ìkankan. Ìgbà àkọ́kọ́, ó pọn Ayọ̀kúnlé, ó fa ẹran lọ́wọ́. Ìgbà kẹta, òjò dá wọn dúró sí Àpọ́nmù, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí gbà wọ́n sílé, òun àti ẹran. Bí ó bá dé Òdòjọ̀mù, ìyá rẹ̀ kì í kọ́kọ́ kí i. Á tẹ̀ síwájú ẹran, á fọwọ́ pa á lẹ́yìn, á ya ẹnu rẹ̀ wo eyín, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ pé, “O káàbọ̀. O ń tọ́jú wọn.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ Yétúndé ju ìyìn pásítọ̀ lọ. Nígbà tí ìyá kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Ọlọ́runníyì, ni agbo bọ́ sí lọ́wọ́, òun ni ó sì gba abo keje ní 2019.

Abo keje yìí jẹ́ ọmọ Alágbàtọ́. Ó sì yẹ kí a sọ̀rọ̀ Alágbàtọ́ dáadáa, nítorí pé kò sí ẹni tó sin ẹran ní Ìjọ̀kà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tí kò mọ̀ ọ́n.

Àgùntàn dúdú ni, funfun kan wà níwájú orí rẹ̀ bí àmì ìyẹ̀fun. Ọmú rẹ̀ kún ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò sì sí ọmọ tó kọ̀. Àwọn àgùntàn mìíràn, bí ọmọ tí kì í ṣe tiwọn bá sún mọ́ wọn, ìwo tàbí pátákò ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Alágbàtọ́ á kàn gbóòórùn rẹ̀, á sì dúró. Ìyá Ayọ̀kúnlé náà mọ bí a ṣe ń ṣe é. Á fi iyọ̀ pa ọmọ náà lẹ́yìn kí ẹran lè lá a. Á fún wàrà Alágbàtọ́ sí i lórí kí òórùn rẹ̀ lè yí padà. Á wá fi orúnkún há orí ẹran náà jẹ́jẹ́, á máa kọrin tí ìyá rẹ̀ máa ń kọ fún ẹran tó bá ń rọbí. Kí orin tó parí, ọmọ ti ń mì ìrù.

Bí àgùntàn ẹnì kan bá kú sórí ìkúnlẹ̀, ilé Ìyá Ayọ̀kúnlé ni wọ́n ń gbé ọmọ rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e wá nínú bàsíà, nínú àpò báàgì, nínú apá. Àwọn kan wá láti Ìjàrẹ́. Ọkùnrin kan ti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wá lórí ọ̀kadà, ó fi ọmọ àgùntàn sínú ẹ̀wù rẹ̀ bí ẹni tó jí nǹkan. Nígbà tí Alágbàtọ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, Ìyá Ayọ̀kúnlé á fún wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn, tó pọ́n ráúráú, sínú ike omi, á pín in fún àwọn tí ẹran wọn kò ní wàrà. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kà á lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ọmọ mẹ́tàdínlógún tí kì í ṣe tirẹ̀ ti mu ọmú Alágbàtọ́.

Ní 2021, Alágbàtọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Kò kọ oúnjẹ. Ó ń jẹ èèpo gbágùúdá, ó ń jẹ ewé ìyeyè, ó ń lá èérí nínú agbada, síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ń yọ. Mímí rẹ̀ wá di èyí tí ènìyàn ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Wọ́n ní ọ̀rá ló gbé mì, bí àgùntàn ìgboro ṣe máa ń ṣe. Ìyá náà fún un ní epo pupa àti kán-ún. Ó pẹ́ tó oṣù mẹ́jọ kí ó tó kú, ó sì kú láì pariwo, bí ẹni tí kò fẹ́ yọ ará ilé lẹ́nu. Ìyá Ayọ̀kúnlé kò jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹran rẹ̀. Ó ní kí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn odi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Ìtùnú, ọmọ Ayọ̀kúnlé, sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ pé òun ti rí ọkọ, ará Òkìtìpupa, àti pé oṣù Kejìlá ni ìgbéyàwó. Ìyá àgbà kò béèrè iṣẹ́ tí ọkọ ń ṣe. Ó béèrè bóyá ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀.

“Ilẹ̀ wà, Màmá. Kí lẹ fẹ́ gbìn síbẹ̀?”

“N kò gbin nǹkan kan. Mo fẹ́ so nǹkan mọ́ ọ lọ́wọ́ ni.”

Gbogbo ọmọbìnrin tó ti ilé rẹ̀ jáde títí di ìgbà náà kò fẹ́ gba ẹran. Èyí tó wà ní Èkó ní ilé òkè lòun ń gbé, èyí tó wà ní Kánádà rẹ́rìn-ín. Ìtùnú nìkan ló ní òun fẹ́ ẹ. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ayọ̀kúnlé ti ya abo kékeré kan sọ́tọ̀, ọmọ-ọmọ Alágbàtọ́, dúdú tó ní funfun níwájú orí. Ó ń fi èérí bọ́ ọ lọ́tọ̀. Ó ka oṣù tó kù. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ó mọ̀ pé bí okùn náà bá já sí òun lọ́wọ́, kò sí ẹni tí yóò tún un so.

Ní oṣù Kẹta ọdún náà ni dókítà ẹranko kan wọ àdúgbò wọn. Ẹniọlá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀ ni, ó ń ṣe ìwádìí ní yunifásítì. Ó fẹ́ mọ bí àrùn kan ṣe tàn kálẹ̀ tó láàárín àwọn àgùntàn Àkúrẹ́ àti ti Oǹdó. Ó ní kòkòrò kan ló ń fà á, èyí tí ojú kò lè rí, tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹran, tí ó sì lè gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni yóò fà ní ọrùn ẹran kọ̀ọ̀kan.

Sherifat, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ti Ìyá Ayọ̀kúnlé, tí ó ń sin àgbò fún Iléyá, ti kó ẹran rẹ̀ pamọ́ sínú yàrá kí dókítà tó dé ẹnu ọ̀nà.

“Mi ò ní àgùntàn, dókítà. Mo ti fi í sílẹ̀.”

Àgbò kan ké nínú yàrá.

“Ìyẹn ńkọ́, mà?”

“Ọkọ mi ni,” ni Sherifat wí. “Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń sùn.”

Ìyá Ayọ̀kúnlé ké láti òdìkejì pé, “Sherifat, kó ọkọ rẹ jáde! Ẹ̀jẹ̀ lásán ni. Wọn kò ní gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀.” Bí wọ́n ṣe kó wọn jáde nìyẹn. Ní òpópónà náà, àgùntàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni dókítà gba ẹ̀jẹ̀ wọn. Mẹ́rìnlá nínú wọn jẹ́ ti Ìyá Ayọ̀kúnlé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá kí dókítà tó padà wá. Ó jókòó lórí àga ike ní ẹ̀yìnkùlé, ó ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní ní àwọn òpópónà mìíràn tí òun dé ní Àkúrẹ́, bí òun bá rí ẹran mẹ́wàá, méjì péré ló ń ní àrùn náà, tàbí mẹ́ta. Ní òpópónà yìí, mọ́kàndínlógún nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Kò yé òun. Ó béèrè bóyá àgbò kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Rárá. Bóyá wọ́n jọ ń da wọ́n sí ibì kan. Rárá, olúkúlùkù ló ń so tirẹ̀.

“Kí ló wá pa wọ́n pọ̀, mà? Ó ní láti ní ohun kan.”

Ìyá Ayọ̀kúnlé rẹ́rìn-ín. “Àfi Alágbàtọ́ náà ni. Òun ni ìyá gbogbo wọn.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ nípa iyọ̀, ó sọ nípa orin, ó sọ nípa ọkùnrin Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ tó fi ọmọ àgùntàn sínú ẹ̀wù. Dókítà ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ó dé orí wàrà àkọ́kọ́ tí ó máa ń pín nínú ike, dókítà dẹ́kun kíkọ. Ìyá náà rí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Ó sọ gbólóhùn méjì mìíràn, òun náà sì dákẹ́.

“Ọmú ni àbí?” ló béèrè.

“Ọmú ni, mà. Inú wàrà ló pọ̀ sí jù, pàápàá wàrà àkọ́kọ́ yẹn.”

“Níbo ni Alágbàtọ́ ti kó o?”

“A kò lè mọ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ lára ọ̀kan nínú àwọn tó tọ́. Ó lè jẹ́ lára àgbò tí ẹ rà.”

Ìyá náà béèrè oògùn. Kò sí. Ó béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára. Kò sí. Ó béèrè bóyá ó ń ran ènìyàn. Dókítà ní kì í ràn wá rárá, àti pé ẹran wọn ṣeé jẹ. Nígbà náà ni ìyá na ìka sí abo kékeré tó dá wà lórí ìso, tó ń jẹ èérí.

“Ìyẹn ńkọ́?”

Dókítà wo nọ́ńbà tí ó fi sí i létí lọ́jọ́ tó gba ẹ̀jẹ̀, ó wo ìwé. “Ó wà lára wọn, mà.”

Abo kékeré náà gbé orí sókè, ẹnu rẹ̀ funfun fún èérí. Ara rẹ̀ ń dán.

Nígbà tí dókítà lọ tán, ìyá náà jókòó síbẹ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí òrùlé. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò le láti mọ̀. Ẹran náà yóò dára lójú fún ọdún mẹ́rin. Ìtùnú kò ní mọ̀. Dókítà kì í ṣe ọlọ́pàá, kò ní tọ̀ ọ́ lọ sí Òkìtìpupa. Àwọn mìíràn ń ta ẹran tó burú ju èyí lọ lọ́jà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n abo keje wà lọ́kàn rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó mú lọ sí Oǹdó ní 2019, ọmọ tí Alágbàtọ́ fúnra rẹ̀ bí, tó sì mu ọmú rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Bí èyí bá ti wà nínú agbo ìyá òun láti ọdún márùn-ún, kí ló kù níbẹ̀?

Ó dìde, ó rékọjá sọ́dọ̀ Sherifat, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí ó ṣe rí. Sherifat gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ lẹ́rán.

“Abájọ tí àgbò mi fi ń wúkọ́ bíi bàbá tó ń mu tábà! Màmá, ẹ̀yin lẹ ṣe mí báyìí?”

“Èmi ni.”

“Ẹ tún wá ń fọwọ́ sọ̀yà pé ọ̀fẹ́ ni.”

“Má bínú sí mi.”

Sherifat yí ojú padà sí àgbò rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, “Ọmọ ọjọ́ kan ni èyí nígbà tí mo gbé e wá. Ìyá rẹ̀ ti tutù. Bí ẹ bá lé mi padà lọ́jọ́ náà, ṣé àrùn ló máa pa á ni? Ebi ni. Ẹ lọ jókòó, ẹ jẹ́ n bu omi fún yín.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá náà dé ilé gbogbo ẹni tí ọmọ ẹran rẹ̀ mu ọmú Alágbàtọ́, tí ó ṣì lè rántí. Ó dé Ìjàrẹ́. Ará Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ni kò rí. Àwọn kan dúpẹ́, ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn náà ni ó sọ fún dókítà pé nígbà tó bá ń lọ gba ẹ̀jẹ̀ ní Oǹdó, kí ó fi òun sínú ọkọ̀.

Ọ̀nà náà ti yàtọ̀. Ilé ti kún ibi tí igbó wà ní Àpọ́nmù, kò sì dá ilé obìnrin tó gbà á lọ́jọ́ òjò mọ̀ mọ́. Ní Ọ̀wẹnà, ó ní kí dókítà dúró, ó ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun, ó sì sọ ìtàn bàtà Adélaní. Dókítà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín púpọ̀. Ìgbà kẹjọ tí ó ń lọ nítorí ẹran nìyí, èyí nìkan sì ni kò fi fa ẹran lọ́wọ́.

Ọlọ́runníyì pàdé wọn ní ìloro Òdòjọ̀mù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, wọ́n sì fi jẹ Bàbá Ìjọ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tíì jókòó tó fi sọ ohun tó gbé e wá, tó sì ní kí ó fa abo 2019 náà jáde kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́runníyì kò fa ẹran kankan jáde. Ó bọ́ fìlà, ó tún un dé.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹran yẹn kò sí.”

“Ó ti kú? Ìgbà wo?”

“Ọjọ́ kẹta tí ẹ mú un wá. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi mí jẹ Bàbá Ìjọ ni. Àwọn àlejò kún ilé, n kò sì rí ẹran mìíràn. Mo ní kí wọ́n pa á.”

“Níyì. O sọ fún mi lórí fóònù pé ó lóyún.”

“Irọ́ ni.”

“O ní ó bí ìbejì!”

“Ìbejì náà, irọ́ ni. Ẹ̀rù yín ló bà mí.”

“Mo fi èérí ọkà àpò kan ránṣẹ́ sí ìyá ìbejì!”

“Adìẹ ló jẹ ẹ́.”

Ìyá Ayọ̀kúnlé jókòó sórí àpáta ìloro tí ìyá wọn máa ń jókòó lé. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọlọ́runníyì rò pé ó ń sunkún, ó kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Ìgbà tí ó gbójú sókè ni wọ́n rí i pé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò mọ bí yóò ṣe dá a dúró. Ó ní, “Dìde, olè. Ọlọ́run ló rán ọ níṣẹ́ olè ọjọ́ náà.”

Síbẹ̀, kò tíì dá a lójú pé agbo náà mọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹran mẹ́sàn-án tó wà nínú agbo. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ó fi dúró de èsì náà, kò sọ ohunkóhun fún Ìtùnú. Nígbà tí dókítà pè, ó ní ọ̀kan péré ló ní àrùn, àgbò kan tí Ọlọ́runníyì rà lọ́jà kò tíì tó oṣù méjì. Àwọn mẹ́jọ tó ti inú ìran ìyá wọn wá, gbogbo wọn mọ́. Wọ́n pa àgbò náà lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì tún àyẹ̀wò ṣe fún àwọn tó kù ní oṣù Kọkànlá. Wọ́n ṣì mọ́.

Abo kékeré Ìjọ̀kà kò lọ sí Òkìtìpupa. Ó ṣì wà ní ẹ̀yìn ilé pẹ̀lú àwọn tí àrùn wà lára wọn, lọ́tọ̀ sí àwọn márùn-ún tó mọ́. Ìyá náà ń bọ́ wọn bí ó ti ń bọ́ wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí àgbò gùn wọ́n mọ́. Bí ẹnì kan bá gbé ọmọ aláìníìyá wá, ó ní ike àti ọmú rọ́bà, á po wàrà màlúù oníyẹ̀fun, á kọ́ ọ bí a ṣe ń fún un. Orin náà kan náà ni.

Ní ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó Ìtùnú, Òdòjọ̀mù ni ọkọ ìyàwó àti ìyàwó yà sí lójú ọ̀nà Òkìtìpupa. Ìyá Ayọ̀kúnlé ti ṣáájú wọn dé láti ọjọ́ méjì. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ bàtà tuntun tí kò tẹ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ rí. Okùn àtijọ́ náà wà lórí òpó ní Ìjọ̀kà. Dókítà ní okùn náà kò lè kó àrùn ran ẹran mọ́, ṣùgbọ́n ìyá náà kò gbé e wá. Okùn ọ̀rá tuntun ni ó rà, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ọlọ́runníyì fa abo kan jáde, pupa rúsúrúsú, kò jọ Alágbàtọ́ rárá. Ìyá náà tẹ̀ síwájú rẹ̀, ó pa á lẹ́yìn, ó ya ẹnu rẹ̀, ó wo eyín. Lẹ́yìn náà ni ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, tí ó sì fi etí okùn lé Ìtùnú lọ́wọ́.

Ìtùnú ní, “Màmá, àkọ́bí abo rẹ̀, Àkúrẹ́ ni kí n mú un wá, àbí ibí?”

“Ibí ni. Má mú un dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ tí o bá ń bọ̀,” ni ìyá àgbà wí. “N óò ti dúró dè ọ́ ní ìloro.”